Ẹ jẹ́ kí oníkámẹ́rà di kámẹ́rà rẹ̀ mú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tẹ́ ẹ béèrè yìí kò ṣàjèjì sí mi rárá. Ẹ ní ọdún mẹ́fà lẹ fi ya fídíò kí wọ́n tó fi yín ṣe dírẹ́tọ̀ lórí èèyàn mẹ́jọ, pé oníkámẹ́rà yín kì í dá sí nǹkan kan mọ́, àfi kó máa wò yín. Obìnrin tó ń bá yín ṣe ẹ́dítọ̀ náà ń kùn lójoojúmọ́ pé pàǹtí lẹ̀ ń kó wá bá òun. Ẹ wá ní ṣé kẹ́ ẹ lé oníkámẹ́rà náà lọ ni.

Ẹ má tíì lé e. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí èmi ṣe ba tèmi jẹ́.

Ìdí kámẹ́rà lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo darí, Abẹ́òkúta la ti yà á, nínú agbo ilé kan nítòsí Àpáta Olúmọ. Ìran tó kẹ́yìn lọ́jọ́ kìíní ni ti ìyá kan tó wá bẹ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé kó má ta ilé bàbá wọn. Aago mẹ́fà ku díẹ̀, oòrùn ti ń wọ̀. Mo yíjú, mo rí i pé oníkámẹ́rà ti gbé kámẹ́rà wálẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ilẹ̀, ó kọjú rẹ̀ sókè. Bẹ́ẹ̀, ojú ìyá ni mo fẹ́. Mi ò béèrè ìdí. Mo ní, "Gbé e wá," mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn: àwọn òṣèré, ìyá tó ń bu oúnjẹ fún wa, títí kan àwọn ọmọ onílẹ̀ tó jókòó ti ògiri tí wọ́n ń retí owó wọn. Mo gbé e lé èjìká, mo yà á. Ọmọkùnrin náà sún sẹ́yìn, ó ká apá lé àyà, ó lọ dúró lábẹ́ igi máńgòrò.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ́dítọ̀ tó pè mí pé kí n wá wo ìran náà. Ibi tí gbogbo ìtàn yẹn dá lé ni ibi tí ìyá ti kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa. Bó ṣe kúnlẹ̀ báyìí, gèlè rẹ̀ ló kún ojú fídíò. Gèlè nìkan. Kò sí ojú, kò sí omijé. Ìgbà yẹn ló tó yé mi ìdí tí ọmọkùnrin yẹn fi gbé kámẹ́rà wálẹ̀: ó ti ka script dé ìsàlẹ̀, ó ń dúró de ojú ìyá níbi tó máa bọ́ sí. Èmi tí mo jẹ́ dírẹ́tọ̀, oòrùn ni mò ń sá tẹ̀ lé.

Ìyẹn ṣì kéré. Láti ìgbà tí mo ti gba kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí kò bi mí mọ́. "Ọ̀gá, ṣé bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ ẹ rèé?" Kó tó nu lẹ́ńsì pàápàá, ó máa bi mí. Ọ̀wọ̀ ni mo pè é. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, inú ṣọ́ọ̀bù kan la ti ń ṣiṣẹ́, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú ló sì wà lókè. Kámẹ́rà tá a yá lọ́jọ́ yẹn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rà á wá. Àwòrán 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni wọ́n tò ó sí, shutter rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó pa ojú dé lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan, sì wà ní 1/60 ìṣẹ́jú àáyá, torí iná tiwọn, 60 hertz ni. Iná tiwa ńkọ́? 50 hertz ni, ìyẹn ni pé ìgbà àádọ́ta ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí méjèèjì ò bá ti bára mu, irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ á máa mú kí ìlà dúdú rìn gba ojú àwòrán kọjá bí aláàmù tó ń gun ògiri. Kẹ́ ẹ kàn yí shutter sí 1/50, ó tán. Ìran mẹ́ta la yà pẹ̀lú ìlà yẹn, a tún san owó ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kejì láti tún un yà. Mo bi í bóyá kò rí i ni. Ó ní, "Mo rí i, sà. Ẹ ò bi mí."

Inú bí mi títí mo fi délé. Òru ni mo tó gbọ́ ohun tó sọ.

Níṣojú èèyàn ni mo ti fi àbùkù kàn án, níṣojú èèyàn náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan búrẹ́dì. Kò sọ ju "Ó ti tán, sà" lọ. Àmọ́ kó tó di ọ̀sán, ó ti pariwo pé ká dúró, pé òjìji máíkì wà lára ògiri. Inú mi dùn sí ariwo yẹn ju gbogbo ohun tá a yà lọ́jọ́ náà lọ.

Láti ìgbà náà, mi ò sọ̀rọ̀ lẹ́ńsì fún oníkámẹ́rà mọ́. Mo máa ń sọ ohun tí mo fẹ́ kó ṣe òǹwòran nígbà tí ìyá yẹn bá kúnlẹ̀, màá wá bi í pé ibo lòun máa dúró. Tí èrò wa bá yàtọ̀, tí àyè sì wà, a ya méjèèjì. Tí àyè ò bá sí, tèmi là ń ṣe, màá sì sọ ìdí rẹ̀. Wọn kì í bínú sí "rárá" tó ní ìdí. Tí ọwọ́ bá ń yún yín láti gba kámẹ́rà (ó máa yún yín, kò sóògùn rẹ̀), ẹ wá nǹkan mìíràn dì mú. Script àti báírò lèmi ń dì mú.

Lálẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́, a jọ máa ń rin ibẹ̀ yí ká ni: oníkámẹ́rà, ẹni tó ń gba ohùn, ẹni tó ń tọ́jú aṣọ. Ẹni tó ń gba ohùn ni wọ́n ń fojú di jù lẹ́nu iṣẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ òun ló máa sọ fún yín pé ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́yìn ilé, pé mọ́sálásí méjì ló wà ládùúgbò, wọn kì í sì í pe ìrun lẹ́ẹ̀kan náà. A ra aṣọ àdìrẹ tuntun ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta fún òṣèré kan rí, sítáàṣì ara rẹ̀ le bíi páálí. Máíkì kékeré tá a fi há a láyà ń gbọ́ ṣàkàṣàkà ní gbogbo ìgbà tó bá mí. Ká ní ẹni tó ń gba ohùn ti rí aṣọ yẹn lálẹ́ àná, à bá ti fọ̀ ọ́. Ní báyìí, ó láṣẹ láti dá iṣẹ́ dúró láìbi mí.

Ní ti ẹ́dítọ̀ yín, ẹ mú un wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan péré. Tèmi wá, ó jókòó sórí àpótí láàárín ariwo jẹnẹrétọ̀, ó wo gbogbo wa. Ohun méjì péré ló bẹ̀ wá fún. Àkọ́kọ́, kí kámẹ́rà ti máa ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí n tó ní "action", kó sì fi márùn-ún mìíràn kún un lẹ́yìn "cut". Èkejì, kí gbogbo èèyàn pa ẹnu mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30 níbi kọ̀ọ̀kan ká tó kó ẹrù, kí wọ́n gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ fún òun, torí òun lòun fi ń dí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń kùn, kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ẹ ò mẹ́nu kan owó, àmọ́ èmi á mẹ́nu kàn án. Hubert Ògúndé, àgbà òṣèré tíátà, àwọn ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló pọ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀. Ta ló máa bínú kúrò nílé ọkọ nítorí owó iṣẹ́ ọjọ́ kan? (Ẹ má fi ìyẹn kọ́ṣe o.) Àdéhùn ló kó àwa jọ. Ẹnì kan gbéṣẹ́ fún mi rí, ó san ìdajì, kò gbé fóònù mọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì gbà pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Láti ìgbà yẹn, tí owó wọn ò bá tíì wà nílẹ̀, kámẹ́rà ò ní jáde nínú báàgì.

Ẹ wá pe ọmọkùnrin yẹn lọ jẹ àmàlà, ẹ̀yin méjèèjì péré. Ẹ jọ wo iṣẹ́ tó kẹ́yìn lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ bi í pé èwo lòun ì bá yà lọ́nà mìíràn. Ó máa kọ́kọ́ ní kò sí. Ẹ bu omi mu, ẹ tún un béèrè, kẹ́ ẹ má sì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rántí ọjọ́ tẹ́ ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú èèyàn, ìyẹn ò ṣeé parí nídìí àmàlà. Ẹ dúró de ọjọ́ tí gbogbo àwọn mẹ́jọ bá pé.