Ṣé anemone àti coral lè jọ gbé inú táǹkì kan náà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Gbàgádà ni mo ń gbé, mo ní táǹkì omi iyọ̀ tó gba nǹkan bíi lítà 230, ó ti lé lọ́dún kan. Ẹja clownfish méjì ló wà nínú ẹ̀, pẹ̀lú oríṣi coral mẹ́ta, àwọn ẹranko òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta: hammer coral, zoanthid àti leather coral kan tó ti tóbi. Mo wá ra bubble tip anemone, ẹranko òkun tó máa ń fi àwọn ọwọ́ ẹ̀ ta nǹkan, mo gbé e sórí òkúta láàárín, àfi bí mo ṣe jí láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ hammer mi, ó ti ta apá kan ẹ̀ jóná. Ẹnì kan ní kí n lọ ra carpet anemone pé ìyẹn kì í rìn, ẹlòmíì ní anemone àti coral ò lè jọ gbé láéláé. Èwo ni kí n ṣe? Ẹ jọ̀ọ́ ṣé mo tún lè máa bu omi òkun ní Tarkwa Bay lò, torí iyọ̀ táǹkì ti wọ́n jù.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́ o, ó máa ń dunni gan-an kéèyàn jí bá coral tó fowó gidi rà kó ti jóná. Wọ́n lè jọ gbé. Nínú àwọn táǹkì tí mò ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ní Ìkòyí àti Surúlérè, àwọn kan wà tí anemone àti coral jọ wà níbẹ̀ tí kòsí wàhálà. Àmọ́ o ò lè to coral kún táǹkì tán kóo wá máa wá àyè fún anemone, anemone ló yẹ kóo kọ́kọ́ fún ní ibi tiẹ̀, kí coral wá gba ibi tó bá ṣẹ́kù, torí coral ò lè rìn, ibi tóo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ló máa wà títí, ṣùgbọ́n anemone dà bí ayálégbé, bí ilé ò bá bá a lára mu á kó ẹrù ẹ̀, òru ló sì sábà máa ń kó.

Kí ló ń mú un kó? Ìmọ́lẹ̀ tó kéré tàbí tó pọ̀ jù, omi tí kò fẹ́ lù ú tó tàbí tó ń gbá a jù, àti omi tí kò dúró sójú kan. Ti ìkẹyìn yìí ló ń yọ àwa ará Èkó lẹ́nu jù. Wò ó, omi tó ń gbẹ kúrò nínú táǹkì, omi nìkan ló ń lọ o, iyọ̀ ò bá a lọ, ojoojúmọ́ ni iyọ̀ inú ẹ̀ ń pọ̀ sí i, ó di Sátidé kóo tó rántí, o wá da gárawà omi kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà, iyọ̀ tún já wálẹ̀. Coral lè fara da ìyẹn díẹ̀, anemone ò ní gbà, ọ̀nà ló máa bọ́ sí. Specific gravity (bí omi iyọ̀ ṣe wúwo tó sí omi lásán) 1.025 sí 1.026 ni kóo dì í mú sí, ìyẹn iyọ̀ gíráàmù 35 nínú kílò omi kan, refractometer, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn iyọ̀ omi, ni kóo fi máa wò ó, má fojú díwọ̀n. Ra auto top-off, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, omi tí kò níyọ̀ ló máa wà nínú ike ẹ̀, omi RO/DI sì ni, ìyẹn omi tí wọ́n ti sẹ́ ìdọ̀tí àti iyọ̀ inú ẹ̀ kúrò, kì í ṣe omi bọ́húù tààrà.

Ooru ló tẹ̀ lé e. Ìgbóná omi tó bá gbogbo wọn lára mu jẹ́ 25 sí 27°C, ìwọ náà sì mọ bí Fẹ́búárì àti Mááṣì ṣe máa ń rí níbí, bí NEPA bá mú iná lọ tí AC kú, omi táǹkì á kọjá 30 láìpẹ́. Fáànù tí wọ́n máa ń gbé lé orí táǹkì nílùú òyìnbó kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ l'Ékòó, gbígbẹ omi ló fi ń mú táǹkì tutù, afẹ́fẹ́ tiwa sì ti lọ́rinrin jù, ìwọ̀nba tó bá sì mú gbẹ náà á tún máa da iyọ̀ ẹ rú. Chiller, ẹ̀rọ tó ń mú omi táǹkì tutù, ni kóo ra. Bó o bá ní owó tóo fẹ́ fi ra iná aláràbarà, jọ̀ọ́ fi ra chiller àti bátìrì ná. Bí iná bá lọ, má tìtorí ìmọ́lẹ̀ káyà sókè, ọjọ́ kan láìsí ìmọ́lẹ̀ ò ní pa wọ́n, omi tó dúró láìmira ló ń pa wọ́n, torí omi gbígbóná kì í di oxygen mú púpọ̀. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ oníbátìrì tó máa ń tan fúnra ẹ̀ bí iná bá ti lọ ò wọ́n, má ṣe wà láìní in.

Tarkwa Bay ńkọ́? Má bu omi ibẹ̀ o. Ẹnu ibi tí ọ̀sà ti ń wọ òkun ló wà, nígbà òjò omi odò tó ń bá ọ̀sà wá á mú kí iyọ̀ ibẹ̀ dín kù, epo ọkọ̀ ojú omi àti ìdọ̀tí ìlú tún wà nínú ẹ̀. Iyọ̀ táǹkì wọ́n lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún ẹ, ṣùgbọ́n o lè ra èyí tó wà nínú báàgì ńlá kí ìwọ àti àwọn tó ń ṣe táǹkì ládùúgbò jọ pín in.

Ní ti bóo ṣe máa tò ó, ya òkúta kan sọ́tọ̀ sí igun kan, kí yanrìn yí i ká, kí ihò jíjìn wà lára ẹ̀ torí bubble tip fẹ́ràn kó ki ẹsẹ̀ ẹ̀ bọ inú ihò kó wá na àwọn ọwọ́ ẹ̀ síta síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ó lè fẹ̀ tó 30 cm bó bá dàgbà, nítorí náà má wo bó ṣe kéré lónìí, má fi coral kankan síbi tí ọwọ́ ẹ̀ lè dé lọ́la. Kì í ṣe pé kò lè gba orí yanrìn kọjá o, àmọ́ kì í sábà wù ú bó bá ti rí ibi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó sì lè pín ara ẹ̀ sí méjì, ọ̀kan nínú wọn á wá ibòmíì lọ, kí àyè wà fún ìyẹn náà.

Báyìí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ hammer, má fà á tu! Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá ya, ó lè kú síbẹ̀. Bí òkúta tó wà lórí ẹ̀ bá ṣeé gbé, gbé òun àtòkúta lọ síbi tuntun, bí kò bá ṣeé gbé, hammer ni kóo gbé kúrò. Wọ ìbọ̀wọ́, kóo dáàbò bo ojú ẹ, torí zoanthid míì ní májèlé tó lágbára gan-an lára, má ha òkúta tó wà lórí ẹ̀, má sì da omi gbígbóná sí i láéláé. Kóo tó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fi fóòmù tàbí nẹ́ẹ̀tì bo ojú gbogbo wavemaker (ẹ̀rọ tó ń ru omi táǹkì) àti ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa omi. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, torí anemone tó bá rìn wọ wavemaker á gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ, omi á bàjẹ́, ó sì lè pa ẹja àti coral tó kù lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo ti rí táǹkì tó parí báyẹn.

Leather coral ẹ náà ń bá wọn jà láìfọwọ́ kàn wọ́n, ó máa ń tú kẹ́míkà sómi tó ń ni àwọn tó kù lára. Fi activated carbon, èédú tó ń fa kẹ́míkà kúrò nínú omi, sínú fílítà, kóo sì máa pààrọ̀ ẹ̀ lóṣooṣù.

Ti carpet anemone yẹn, ẹni tó sọ fún ẹ ò sọ ọ́ tán. Òótọ́ ni pé haddoni, irú carpet anemone kan, máa ń jókòó sínú yanrìn, àmọ́ ó ń fẹ̀ gan-an, oró ẹ̀ le ju ti bubble tip lọ, ó sì máa ń jẹ ẹja. Nínú táǹkì lítà 230 tí coral wà, mi ò ní bá ẹ gbé e sí i. Bí bubble tip yìí bá wá kọ̀ láti dúró, dá a padà fún ẹni tó tà á, kóo wá rock flower anemone, ìyẹn kì í tóbi, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé clownfish kì í sábà gbé inú ẹ̀. Clownfish ẹ ò sì nílò anemone kó tó lè yè, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ẹ́.

Hammer tó jóná yẹn, gbé e síbi tí omi ti ń rọra ṣàn, má gé nǹkan kan kúrò lára ẹ̀ ná, orí tí kò jóná lè wà láàyè. Ṣùgbọ́n máa wò ó láàárọ̀ àti lálẹ́, bó o bá rí nǹkan aláwọ̀ búráùn tó ń yọ̀ bíi jẹ́lì lára ẹ̀, gbé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an, fa jẹ́lì yẹn kúrò, gé orí tó ti kú kúrò kóo fi èyí tó kù sínú abọ́ omi táǹkì tóo po iodine ti coral mọ́, kó tó ràn dé orí tó kù.