Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa: Ǹjẹ́ wọ́n fi májèlé fún ajá mi ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin dókítà ẹran. Arówómọlé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé. Ajá mi, Bíńgò, kú ní oṣù tó kọjá. Ó kọ́kọ́ kọ oúnjẹ, ó ń bì, nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí omi tíì. Àwọn ará àdúgbò ní ẹnìkan ló fún un ní májèlé, kí n da epo pupa sí i lẹ́nu, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bà, ọbẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù, àti túwó tí mo fi àgbàdo tí a ṣà kúrò nínú ti ògì rò ló máa ń jẹ. Nítorí pé ara ń yún un, mo tún máa ń fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì dà kúrò nínú ọkọ̀ pa á lára. Mo ti mú ọmọ ajá mìíràn wálé báyìí. Ṣé májèlé ló pa Bíńgò lóòótọ́, kí sì ni kí n máa fún èyí jẹ?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo bá yín kẹ́dùn. Ohun tí ẹ sọ kò jọ ti májèlé tí ẹnìkan jù sílẹ̀ fún un. Ọ̀tàpíápíá, tí èròjà tó ń jẹ́ dichlorvos máa ń wà nínú rẹ̀, kì í dúró di ọjọ́ karùn-ún. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí mélòó kan, itọ́ á máa da lẹ́nu ajá, ọmọlójú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n, nítorí pé èròjà náà kì í jẹ́ kí iṣan ara sinmi. Oògùn eku irú èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì máa ń gba ọjọ́ díẹ̀ kó tó fara hàn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni ẹ ó máa rí ní imú tàbí nínú ìgbẹ́.

Ojú tó di àwọ̀ ìyeyè ń tọ́ka sí ẹ̀dọ̀, tàbí sí ẹ̀jẹ̀ tó ń bàjẹ́ nínú ara. Eégbọn lè kó irú àrùn bẹ́ẹ̀ ran ajá, ìtọ̀ eku tó kan omi rẹ̀ náà sì lè kó o ràn án, nítorí náà n kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru àgbàdo. Síbẹ̀, àgbàdo yẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹ ṣà á kúrò nínú ti ògì nítorí pé ó ti bu. Èébu kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus flavus máa ń hù lára àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa kí a tó kó o pamọ́, ó sì ń tú májèlé tó ń jẹ́ aflatoxin sínú hóró wọn. Ní 1960 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yé ayé, nígbà tí tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀pà tó wà nínú oúnjẹ wọn. Iná tí a fi ń ro túwó kò gbóná tó láti pa májèlé náà run, fífọ èébu kúrò lójú hóró kò sì mú un kúrò nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ tí ajá ń jẹ lójoojúmọ́ á máa ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ lábẹ́lẹ̀, títí ọjọ́ tó máa kọ oúnjẹ. IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wà lára àwọn tó ṣe Aflasafe, èébu irú kan náà tí kì í tu májèlé, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kó lè gba àyè mọ́ èyí tó burú lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ ni, síbẹ̀ ohun tí a kò lè fi ṣe ògì fún ọmọ wa la ń rò fún ajá.

Ọbẹ̀ náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Àlùbọ́sà àti aáyù, ì báà jẹ́ tútù tàbí sísè, máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ti ológbò sì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀nba tó wà nínú ọbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í sábà pa ajá ńlá, ṣùgbọ́n ajá tó ń lá ìkòkò lójoojúmọ́ ń jẹ àlùbọ́sà lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ epo pupa ló dùn mí jù, nítorí pé ìfẹ́ ló mú yín da á sí i lẹ́nu. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé epo ń pa májèlé. Kì í pa á. Ọ̀pọ̀ oògùn kòkòrò máa ń yòrò sínú epo, epo sì lè jẹ́ kí wọ́n tètè wọ inú ara. Ajá tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò sì lè gbé e mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró lepo náà ń gbà lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń di àrùn mìíràn. Mílíìkì kò sàn jù ú lọ. Bí ẹ bá fura sí májèlé lọ́jọ́ mìíràn, ẹ mú ike tàbí páálí oògùn tí ẹ rí dání, kí ẹ sì gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀. Bí a bá tètè dé, oògùn tó ń jẹ́ atropine wà fún ọ̀tàpíápíá, fítámì K1 sì wà fún oògùn eku tí mo sọ lókè. Bí ẹ kò bá rí dókítà nítòsí, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin sún mọ́ yín ju ti Ìbàdàn lọ.

Ọ́ìlì mẹkáníìkì ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ajá máa ń lá ara rẹ̀, ohunkóhun tí a bá fi pa á lára ti di oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn, ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò sì ń pa ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lára. Mo ti rí ọmọ ajá tí wọ́n fi kùn láti orí dé ìrù, tí awọ rẹ̀ bó lábẹ́ ọ́ìlì náà, tí kòkòrò tó ń yún un sì wà níbẹ̀ láàyè. Oògùn gidi wà fún un lọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ọmọ ajá tuntun yìí lè jẹ oúnjẹ ilé. Àwọn kan ń sọ pé ajá kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹ̀bà tàbí túwó, èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwádìí kan tó jáde ní 2013 fi hàn pé ara ajá ti mọ bí a ṣe ń da irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ju ti ìkookò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀bà nìkan kò lè tọ́ ọmọ ajá dàgbà. Ẹ máa fi ẹja sísè tí ẹ ti yọ egungun rẹ̀, ẹyin sísè tàbí ìfun adìẹ tí ẹ sè jinná sí i, kí ẹ sì bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ata àti àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò. Egungun adìẹ tí a ti sè máa ń fọ́ ṣónṣó, ó sì lè gún ìfun rẹ̀. Kí àgbàdo rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹ̀yin náà ń jẹ. Bí ibi tí wọ́n ti ń fún gàrí bá wà nítòsí yín, ẹ má ṣe jẹ́ kó lá omi tó ń ro láti inú àpò ẹ̀gẹ́, nítorí pé májèlé tó ń jẹ́ cyanide wà nínú omi náà.

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí. Ẹ̀kọ àti epo pupa díẹ̀ ni ológbò mi ń jẹ. Ó ti ń rù, ara rẹ̀ sì gbóná láti àná. Ṣé mo lè fún un ní ìlàjì hóró parasitamọ́ọ̀lù?

ÌDÁHÙN: Rárá, ọmọ mi, kódà má fún un ní ìdá mẹ́rin hóró kan. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí ti ènìyàn fi ń tú oògùn yẹn palẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ojú àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ní ti rírù rẹ̀, ológbò kì í ṣe ajá kékeré. Ara rẹ̀ kò lè sọ ohun pupa inú epo di fítámì A, kò sì lè ṣe èròjà taurine tó tó fún ara rẹ̀, àfi kó rí i nínú ẹran àti ẹja. Ní 1987 ni wọ́n fi hàn pé àìtó taurine máa ń mú kí ọkàn ológbò fẹ̀ kó sì rẹ̀, ó sì lè fọ́ ojú rẹ̀ pẹ̀lú. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran lónìí. Bí ẹ bá ti padà dé, ẹja ni kó o máa fún un.