Àbàwọ́n tó ń yọ lára ọsàn lẹ́yìn tí a ká a tán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọsàn tí ẹ ká láàárọ̀ kò ní àléébù kankan, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àbàwọ́n ti gba ojú rẹ̀, ẹ sì ń béèrè oògùn tí ẹ máa fín sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má náwó sí oògùn. Kì í ṣe àìsàn rárá.

Ẹ wo ibi tó bà jẹ́ náà dáadáa. Tí àwọn kókó wẹ́wẹ́ inú èèpo bá yọ síta, tí àárín wọn sì jìn wọnú, epo èèpo ọsàn fúnra rẹ̀ ló ṣe é, èyí tó máa ń ta sí wa lójú tí a bá ń bó o. Àwọn kókó yẹn ni àpò epo; tí ọ̀kan bá fọ́, epo inú rẹ̀ á jó èèpo tó yí i ká pa. Epo tó tú lára ọ̀kan tún lè ba èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́.

Omi ló ń fà á. Tí ìrì bá ṣì wà nílẹ̀, tàbí tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èèpo á mu omi yó, á le koko. Ìkọlù díẹ̀ tí kò ní ṣe é ní nǹkan kan lọ́wọ́ ọ̀sán á fọ́ àpò epo náà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọsàn tí kò tíì pọ́n ló tètè máa ń fara gbà á.

Ẹ jẹ́ kí ìrì gbẹ pátápátá, ó kéré tán di aago 10, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá, ẹ fi ọjọ́ 2 sí 3 sílẹ̀. Ẹ má fi gọ̀gọ̀ fà á, ẹ má sì gbọn igi. Àlùmọ́gàjí ni kí ẹ fi gé e, lẹ́ẹ̀mejì: ẹ kọ́kọ́ gé e kúrò lórí ẹ̀ka, kí ẹ wá gé igi kékeré tó kù lára rẹ̀ kó bá èèpo dọ́gba, torí òun ló máa ń gún àwọn yòókù. Kí àwọn tó ń ká a gé èékánná wọn. Ẹ gbọn yanrìn inú apẹ̀rẹ̀ dànù, ẹ má sì kún un dẹ́nu. Ẹ gbé e sábẹ́ ibòji di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fọ̀ ọ́, kí èèpo lè rọ̀ díẹ̀.

Àmọ́ kó má gbẹ jù o, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Tí ibi tí ọsàn ti so mọ́ igi bá dúdú, tó sì jìn, ṣùgbọ́n tí òrùka tín-ín-rín bíi mìlímítà 2 sí 5 tí kò bà jẹ́ yí ojú ibẹ̀ gan-an ká, gbígbẹ ló fa ìyẹn, kì í ṣe epo.

Èyí tó ti lábàwọ́n, ẹ tètè tà á fún àwọn tó ń fún omi ọsàn. Inú rẹ̀ dára, àmọ́ ojú egbò yẹn ló ti máa kọ́kọ́ bu.