"Put off": ìpàdé ni, iná ni, àbí ẹja?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin wà ní SS3, ó ń múra ìdánwò WAEC. "Put off the light" lèmi mọ̀ ní tèmi. Ó wá ń ka ìwé rẹ̀ pé wọ́n "put off" ìgbéyàwó, pé òórùn ẹja "put me off". Ṣé iná náà ni gbogbo rẹ̀? – Bàbá Akẹ́kọ̀ọ́, Ọ̀fà

ÌDÁHÙN: Rárá o, Bàbá. Ti iná yẹn gan-an ló kéré jù nínú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ohun tí wọ́n "put off" ni kí ọmọ yín máa wò.

Tó bá jẹ́ ètò ni, wọ́n sún un síwájú nìyẹn: "They put off the wedding until December." Ó lè fi ètò náà sáàárín, "put the wedding off", kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tó bá ti di "it" tàbí "them", àárín nìkan ni ibùjókòó rẹ̀: "put it off". Ẹni tó bá kọ "put off it" ti fi máàkì ṣòfò. Tó bá sì jẹ́ ohun ṣíṣe ló tẹ̀ lé e, "-ing" ló ń gbà: "He put off travelling to Ilorin", kì í ṣe "put off to travel". Ibí yìí làwọn ọmọ wa ti ń ṣubú jù, torí "want to" àti "decide to" ti mọ́ wọn lẹ́nu. "Put" kì í yí padà tó bá di ti àná. "Putted" wà lóòótọ́, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ló ni ín.

Kó má dà á pọ̀ mọ́ "call off" o. Ìgbéyàwó tí wọ́n "put off" ṣì ń bọ̀. Èyí tí wọ́n "call off" ti dópin. Ẹ kà á dáadáa lórí fóònù kí ẹ tó lọ gbowó àǹkárá padà.

Tó bá jẹ́ èèyàn ló wà láàárín, ọ̀rọ̀ yí padà. "The smell put me off the fish": òórùn náà ni kò jẹ́ kí ẹja wù mí jẹ mọ́. Ẹni náà á kọ́kọ́ wá, "off" á tẹ̀ lé e, ohun tó sú u á gbẹ̀yìn. Tí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn "off", ó lè jẹ́ pé wọ́n ń dà á láàmú: "Stop tapping the desk, you're putting me off." Ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀ onígbèsè: "He keeps putting the landlord off", ó ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la fún onílé.

Nínú lẹ́tà sí ìjọba tàbí ọ̀gá ilé ìwé, kó kọ "postpone" fún sísún síwájú. Ó bá irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ mu ju "put off" lọ.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà fagi lé "off the gen" nínú ìwé ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́. – Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Tíṣà jàre, Ìyá Ìbejì. Lójú ẹni tó ń máàkì, "off" kò lè dá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. "Turn off" tàbí "switch off" ni kó kọ fún jẹnẹrétọ̀, fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù. Àwọn ará Ìlú Ọba kan ṣì ń sọ "put the light off", nítorí náà kò burú lẹ́nu; nínú ìdánwò, "turn off" ló láàbò. Iná tó ń jó, bí àbẹ́là tàbí igi ìdáná, "put out" ni tirẹ̀. "Pa" là ń lò fún gbogbo wọn nílé, ìdí nìyẹn tó fi ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé "an off-putting meeting" ni ìpàdé tí wọ́n sún síwájú? – Akẹ́kọ̀ọ́, Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN: Ó tì. Ìpàdé tí ń súni ni, tí kì í wu èèyàn láti padà sí. Èyí tí wọ́n sún síwájú ni "a postponed meeting".