Ìfẹ́ méjì kì í ṣe iyèméjì

Ìbéèrè tí àbúrò kan fi ránṣẹ́ sí mi rèé. Nínú Lúùkù 22:42, Jésù ní, “Baba, bí ìwọ bá fẹ́, gba ago yìí lọ́wọ́ mi: ṣùgbọ́n ìfẹ́ ti èmi kọ́, bí kò ṣe tìrẹ ni kí a ṣe.” Kí ni “ìfẹ́” túmọ̀ sí níbẹ̀? Bí Jésù bá jẹ́ Ọlọ́run, ìfẹ́ ta ló ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ó ní òun gbọ́ oníwàásù kan nínú fọ́nrán tó ń sọ pé Jésù kò ní ìfẹ́ kankan yàtọ̀ sí ti Baba, pé ó kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn lè rí àwòkọ́ṣe ni.

Mo gbọ́ fọ́nrán náà dé òpin, inú mi ò sì dùn. Ẹni tó dojú bolẹ̀, tí òógùn rẹ̀ ń kán bí ẹ̀jẹ̀, tó bẹ ẹ̀bẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ní eré ló ń ṣe? Ta ló ń ṣe é fún? Àwọn tí ẹ ní ó ń ṣe é hàn ti sùn lọ!

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn kan bá gbọ́ “ìfẹ́”, ọkàn wọn á sáré lọ síbi ìfẹ́ tọkọtaya tàbí ìfẹ́ ọmọnìkejì. Kì í ṣe òun nìyí. Inú “fẹ́” ni “ìfẹ́” ti jáde, “fẹ́” sì ni kí ara èèyàn máa fà sí nǹkan: mo fẹ́ mu omi, ọmọ yìí fẹ́ sùn, mi ò fẹ́ kú. Thelēma ni Lúùkù pè é lédè Gíríìkì. Àwọn Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ mìíràn, agapē, fún ìfẹ́ tí a fi ń fẹ́ràn ara wa. Àwa kó méjèèjì sínú àpò kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń ka èyí sí àbùkù. Èmi ò gbà. Èrò tèmi ni pé “fẹ́” tiwa yìí sún mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà Gẹtisémánì yẹn ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń gbé kiri lọ, nítorí pé ó yàtọ̀ sí “yàn”. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta tí ebi ń pa fẹ́ ọmú. Kò jókòó gbèrò, kò fi èyí wé tọ̀hún, kò yan nǹkan kan. Síbẹ̀ ó fẹ́, ó sì ń ké títí tó fi rí i.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní ẹsẹ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, àmọ́ bàbá tó kọ́ èmi gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ nígbà yẹn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú bí abẹ. Bí ọ̀kan nínú wa bá sáré ka “ìfẹ́ ti èmi kọ́” kọjá, á gbá tábìlì: “Tún un kà. Ti ta ni?” Lọ́jọ́ kan mo fọwọ́ sọ̀yà, mo ní ti Ọmọ Ọlọ́run ni. Ó ní, “Ó dáa. Baba àti Ọmọ, Ọlọ́run mélòó ni wọ́n?” Mo ní ọ̀kan. “Ìfẹ́ mélòó ni Ọlọ́run kan ní?” Mo tún ní ọ̀kan. “Ta ló wá ń sọ pé tèmi kọ́, tìrẹ ni?” Ẹnu mi wọhò. Bàbá ò là á fún mi, ó ní kí a ṣí ẹsẹ tó kàn.

Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe orí mi ni ìbéèrè yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 645, ní Carthage, mọ́ńkì kan tó ń jẹ́ Maximus jókòó ṣe àríyànjiyàn pẹ̀lú Pyrrhus, ẹni tó ti jẹ pátríákì, ìyẹn olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ní Constantinople rí. Pyrrhus ní ẹni tó ń fẹ́ nǹkan ló ni ìfẹ́, bí ẹni bá sì jẹ́ ọ̀kan, ìfẹ́ rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ọ̀kan lọ. Maximus ní, ó dáa, Baba, Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ ẹni mẹ́ta. Ṣé ìfẹ́ mẹ́ta ni Ọlọ́run wá ní? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Bí ìfẹ́ Ọlọ́run bá jẹ́ ọ̀kan nítorí pé àbùdá Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan, àbùdá ló ni ìfẹ́ nìyẹn. Jésù ní àbùdá méjì, ti Ọlọ́run àti ti ènìyàn. Ìfẹ́ méjì ló ní. Èyí tó ń sọ pé “tèmi kọ́” nínú ọgbà ni ìfẹ́ ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, ìfẹ́ ẹlẹ́ran ara tí kò fẹ́ kú, gẹ́gẹ́ bí ohunkóhun tó ní ẹ̀mí kì í ti í fẹ́ kú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ò dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn mọ́ńkì kan tí iṣẹ́ ò sí lọ́wọ́ wọn ló ń ya irun sí wẹ́wẹ́. Ọba Heraclius, tó ń jọba ní Constantinople, ló dá wàhálà náà sílẹ̀. Ogun Páṣíà ti sọ ìjọba rẹ̀ di aláìlágbára, àwọn Lárúbáwá tún ń gba ilẹ̀ Síríà, ọ̀pọ̀ Kristẹni tó wà ní Síríà àti Íjíbítì ò sì gba ohun tí àpérò Chalcedon sọ ní 451, pé ẹnì kan tó ní àbùdá méjì ni Jésù. Sergius, pátríákì rẹ̀, wá gbọ́n ọgbọ́n kan: ẹ jẹ́ ká fi àbùdá méjì sílẹ̀ bó ṣe wà, ká kàn sọ pé ìfẹ́ kan ló wà, kí gbogbo wa lè jọ jẹun. Póòpù Honorius fi lẹ́tà gbè é lẹ́sẹ̀. Ọba kéde rẹ̀ ní 638. Ní 648, ọba mìíràn, Constans II, kúkú fòfin de ọ̀rọ̀ náà pátápátá: kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sọ méjì.

Maximus ò dákẹ́. Póòpù Martin tó ṣe àpérò lórí rẹ̀ ní Róòmù ní 649, wọ́n mú un, ìgbèkùn ló kú sí ní 655. Ní ti Maximus, arúgbó tó ti lé ní 80 ọdún, wọ́n gé ahọ́n rẹ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ní 662, ahọ́n tó fi ń sọ ọ́ àti ọwọ́ tó fi ń kọ ọ́, wọ́n wá lé e lọ sí Lazica lẹ́bàá Òkun Dúdú. Kò lo ọdún náà já. Àpérò tó wáyé ní Constantinople láti 680 sí 681 ló wá sọ pé òótọ́ ló sọ, wọ́n sì dá Honorius lẹ́bi mọ́ àwọn yòókù, póòpù tó jẹ́ náà kò gbà á sílẹ̀.

Ohun tó ń ba àwọn alátakò lẹ́rù yé mi. Wọ́n ní bí ìfẹ́ bá di méjì nínú ẹnì kan, ìjà dé nìyẹn, Jésù á wá di oníyèméjì, Jákọ́bù sì ti ní oníyèméjì kì í dúró. Ibí yìí ni mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èdè wa. Iyè méjì ni a sọ, a ò sọ pé ìfẹ́ méjì. Oníyèméjì ni ẹni tí kò mọ èyí tó dáa, tó dúró ní oríta, tó ń wo ọ̀tún wo òsì. Maximus ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún irú fífẹ́ tó ń táràrà yìí, gnōmē, ó sì sọ nígbẹ̀yìn pé kò sí i nínú Kristi. Fífẹ́ ti ara wà nínú rẹ̀, iyèméjì kò sí. Ara rẹ̀ fẹ́ yẹ ago náà sílẹ̀, ó sọ ọ́ síta láìbò ó, ó sì fi ìfẹ́ yẹn gan-an tẹrí ba. Òkúta kì í gbọ́ràn. Ẹni tí kò ní ìfẹ́ tirẹ̀, kí ló fẹ́ fi gbọ́ràn títí dé ojú ikú?

Gregory ará Nazianzus, bíṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀rúndún kẹrin, ti rí i kó tó dìgbà yẹn, nígbà tí Apollinaris ń sọ pé Kristi kò ní iyè ènìyàn. Ó ní ohun tí Kristi kò bá gbé wọ̀, kò wò ó sàn. Ibi tí a ti ń ṣàìgbọ́ràn ni ìfẹ́ wa. Bí kò bá gbé ìyẹn wọ̀, kí ló wá wò sàn?

Ṣé Jésù lè kọ̀, nígbà náà? Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń bi mí. Èrò àwọn tó ń béèrè ni pé òmìnira ni kí èèyàn lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹni tó mọ ọ̀nà kì í dúró ní oríta, ìyẹn ò sì sọ ọ́ di ẹrú. Nínú Jòhánù 10:18 òun fúnra rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni ò gba ẹ̀mí òun, òun ló fi í lélẹ̀. Ní ti àríyànjiyàn ńlá tí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti ṣe lórí òmìnira ìfẹ́, irú èyí tó wà láàárín Augustine àti Pelagius, àti láàárín Luther àti Erasmus, ìfẹ́ àwa ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí, ẹjọ́ mìíràn ni.

Ẹ sì má fi ọ̀rọ̀ yìí lu àwọn Kristẹni Íjíbítì, Àméníà àti Etiópíà lórí. Wọ́n ń sọ àbùdá kan bí Cyril, pátríákì Alexandria láyé àtijọ́, ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sẹ́ pé Jésù jẹ́ ènìyàn. Ní 1973, Póòpù Paul VI àti Shenouda III, olórí ìjọ Kọ́pítì ní Íjíbítì, jọ fọwọ́ sí ìwé kan lórí ohun tí wọ́n jọ gbà gbọ́ nípa Jésù.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí àwọn oníwàásù wa bá dé ibí yìí báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bọ́ sí, bí ẹni pé Yorùbá ò lè gbé e. Wọ́n ń ka àdúrà Olúwa láràárọ̀, wọn ò sì gbọ́ ọ mọ́. Ẹ ṣí Mátíù 6:10: “Ìfẹ́ tìrẹ ni kí a ṣe.” Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí 26:42, nígbà tó padà lọ gbàdúrà lẹ́ẹ̀kejì nínú ọgbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni lédè Gíríìkì, lẹ́tà kan ò yẹ̀.