Ọtí ti di bárakú fún mi: báwo ni mo ṣe lè rí ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Télọ̀ ni mí ní Òkè-Báálẹ̀, níbí ní Òṣogbo. Ọmọ ọdún 46 ni mí, ọtí sì ti di bárakú fún mi láti bí ọdún mẹ́sàn-án. Bí ilẹ̀ bá mọ́, mi ò lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ àfi tí mo bá kọ́kọ́ mu paraga. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ sílé ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí máa ń ṣe ìpàdé. Báwo ni mo ṣe lè rí wọn, kí ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀? Ọ̀la ni mo fẹ́ ṣíwọ́ ọtí pátápátá, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, wọ́n mọ̀ mí dáadáa ní mọ́ṣáláṣí wa.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣíwọ́ lọ́la. Òwú tí kò wọ ojú abẹ́rẹ́ yẹn ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n láàárọ̀, tó wá balẹ̀ nígbà tí ọtí wọ inú, ara ti gbára lé ọtí nìyẹn. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá dá ọtí dúró lójijì, láàárín wákàtí 6 sí 24, ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, kò ní rí oorun sùn. Gìrì máa ń gbé àwọn mìíràn láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ẹlòmíràn á máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí, kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Mo ti rí ẹbí tó gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ káàkiri ilé àdúrà, wọ́n ní ayé ló ń bá a jà. Ọtí tó kúrò lára ni, ó sì lè pa ènìyàn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital, kí ẹ béèrè ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. Wọ́n ní oògùn tó ń mú ara balẹ̀, tí wọ́n á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, àti fítámì B1 tí ọtí ti mú kó gbẹ lára. Ẹ sọ iye tí ẹ ń mu gan-an, àti paraga, àti ọtí inú ọ̀rá. Ohun tí ẹ bá sọ ni wọ́n á fi díwọ̀n oògùn.

Ọ̀dọ̀ wọn náà ni kí ẹ ti béèrè ìpàdé. Bí kò bá sí èyí tó wà nítòsí, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ jù láàárín àwọn tó ń jáwọ́, AA (Alcoholics Anonymous), ń ṣe ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru. Ẹ lè pa kámẹ́rà fóònù yín. Bí ẹ bá rí ẹni méjì tó fẹ́ jáwọ́ bíi tiyín, òfin AA gbà yín láyè láti dá ẹgbẹ́ tiyín sílẹ̀.

Bí AA gan-an ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, òwò kan forí ṣánpọ́n mọ́ Bill Wilson lọ́wọ́, ẹni tó ti ṣíwọ́ ọtí fún bí oṣù márùn-ún. Òùngbẹ ọtí mú un ní òtẹ́ẹ̀lì tó wà. Dípò kó wọ ilé ọtí, ó ń tẹ ènìyàn láago, ó ń wá ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀. Wọ́n so ó pọ̀ mọ́ Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọwọ́ tirẹ̀ náà ń gbọ̀n bí ọtí bá kúrò lára. Ohun tí wọ́n sì ń ṣe ní ìpàdé títí dòní nìyẹn: ẹni tó ti wà nínú ìdè ọtí rí ń bá ẹni tó ṣì wà nínú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ ò ní san owó. Kò pọn dandan kí ẹ sọ̀rọ̀, orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ti tó. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń béèrè ni pé kí ẹ fẹ́ ṣíwọ́ ọtí. Wọ́n á dárúkọ Ọlọ́run, àmọ́ wọ́n ní bí oníkálukú ṣe mọ̀ Ọ́n ni, Mùsùlùmí lè jókòó níbẹ̀ láìfi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ìtìjú, ọ̀rọ̀ inú ìpàdé kì í jáde síta. Síbẹ̀, ènìyàn ni ènìyàn ń jẹ́. Bí ẹ bá rí ju ìpàdé kan lọ, ẹ kọ́kọ́ lọ sí èyí tó jìnnà sí àdúgbò yín, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ tẹ́tí. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀, ẹ wá òmíràn. Ẹ má fi ọjọ́ kan dá wọn lẹ́jọ́ o, ẹ lọ tó bí ìgbà mẹ́rin. Bí ẹ bá lè yan àkókò, ẹ yan ìrọ̀lẹ́, wákàtí tí ẹ máa ń ti ṣọ́ọ̀bù tí ẹsẹ̀ yín á yà sọ́dọ̀ oníparaga. Kí ẹ tó kúrò, ẹ gba nọ́ńbà ẹnìkan tó ti pẹ́ tó ti jáwọ́.

Ní ti ìyàwó yín, ẹ má tíì ṣe ìlérí kankan. Ẹ kàn sọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ sílé ìwòsàn fún un, kí ẹ sì bi í bóyá á tẹ̀ lé yín.