Ṣé kọ́ìlì àti kapásítọ̀ lè máa bọ́ ara wọn?

Ìbéèrè: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ta ẹja tútù ní Àkúrẹ́. Ẹnì kan fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀ tí kì í mu epo fún mi. Ó ní tí bátìrì bá ti ta á jí, kọ́ìlì àti kapásítọ̀ inú rẹ̀ á máa gbé iná fún ara wọn láìdúró. Kapásítọ̀ mélòó ni kí ó fi kún un kó lè gbé fírísà mi?

Ìdáhùn: Ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má sì sanwó. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, inú sì ń bí mi, torí owó ọjà yín ni wọ́n ń kó lọ.

Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń mú èèyàn. Kapásítọ̀ ni ohun tó ń tọ́jú iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, kọ́ìlì sì ni wáyà tí wọ́n ká yípo. Bí kapásítọ̀ tó ti gba iná bá pàdé kọ́ìlì, iná á sá wọ kọ́ìlì, á tún padà, á máa lọ, á máa bọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà ń dènà iná, díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ooru. Ẹ mú kọ́ìlì tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1 mH àti kapásítọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1 µF, kí ìdènà wáyà jẹ́ 1 ohm péré. Bí kò bá rẹ̀, bí ìgbà 5,000 ni ì bá lọ bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn ìgbà 10, fóltéèjì rẹ̀ á ti já wálẹ̀ sí díẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Lílọ-bíbọ̀ tí kì í rẹ̀ wà lóòótọ́, ó wà nínú rídíò yín. Trànsísítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń darí iná, ló ń tì í, bí ẹni tó ń ti ọmọ lórí jáńgìrọ́fà, bátìrì ló sì ń bọ́ ẹni tó ń tì í. Ẹ yọ bátìrì, ó parí nìyẹn.

Ẹ ní kapásítọ̀? Èyí tó jẹ́ 1000 µF, tó gba fóltì 12, joule 0.072 (joule ni wọ́n fi ń wọn agbára) ló wà nínú rẹ̀. Gílóòbù watt 10 á jẹ ẹ́ tán kí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ká tilẹ̀ rí wáyà tí kì í dènà iná rárá, iná tí fírísà bá ń fà jáde gan-an ni yóò pa lílọ-bíbọ̀ náà.

N kò rí inú ẹ̀rọ yẹn, n kò lè búra ohun tó wà níbẹ̀. Bí ó bá tan gílóòbù níṣojú yín, ó ṣeé ṣe kí bátìrì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ má tú u wò o! Kapásítọ̀ ńlá lè gbá èèyàn pa lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀rọ. Ẹ ka iye watt tó wà lẹ́yìn fírísà yín, kí ẹ mú un lọ bá onísólà tó ń ṣírò kó tó dárúkọ owó.